Akọni Kan Tó Di Méjì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi jà lórí ojú ìwé kan ṣoṣo kí n tó gbà pé ìjà náà kò ní í tán lórí fóònù. Ohun tí a ń jà sí kò ju báyìí lọ: ènìyàn méjì pàdé lójú ọ̀nà. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èkejì ti lé ní ogójì ọdún, ẹnì kan náà sì ni àwọn méjèèjì. Ta ni kó kọ́kọ́ kí ẹnìkejì rẹ̀? Ṣé kí ọmọdé dọ̀bálẹ̀ fún ara rẹ̀ tó ti dàgbà ni, àbí kí àgbà tẹríba fún ẹni tó ti wà nínú ìwé kí òun tó dé?

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Emùré-Ilé. Ọ̀wọ̀ ni mò ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọmọ ìdílé Mùsùlùmí ní àárín ìgboro ni ọ̀rẹ́ mi. Bàbá rẹ̀ ń ṣe bàtà, ìyá rẹ̀ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Aṣọ ìkélé ló pín àwọn méjèèjì níyà. Láti ọdún àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama ni a ti jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń ya ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré. Èmi ni mo mọ ìtàn í hun. Lọ́jọ́ kan tí òjò sé wa mọ́ kíláàsì, tí tíṣà kò sì wá, a fi rúlà pín ojú ìwé sí àpótí àpótí, a sì bẹ̀rẹ̀ akọni kan tó jẹ́ pé bó bá ti so aṣọ pupa kan mọ́ ọrùn, kò sí ẹrù tí kò ní í lè gbé. Ó gbé ọkọ̀ agbépo tó ṣubú lójú títì. Ó gbé òrùlé tí ìjì ṣí padà sórí ilé. A kò fún un lórúkọ kankan, Aláṣọ Pupa la ń pè é.

Aṣọ pupa kan wà lóòótọ́. Àgékù tó ṣẹ́ kù lára aṣọ oníbàárà kan ni, ìyá ọ̀rẹ́ mi ló fún wa. Bí a bá so ó mọ́ ọrùn, tí a ń sáré yí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù po, yóò kígbe pé kí a má ṣe da òwú òun rú, lẹ́yìn náà yóò pè wá kí a wá jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú epo. Nítorí náà, nígbà tó di pé kí akọni wa ní ìyá, a kò tilẹ̀ sọ ọ́ láàárín ara wa. Òun náà la yà: èjí ẹnu rẹ̀, gèlè rẹ̀ tó máa ń wọ́ sápá òsì, téèpù tí ó fi ń wọn aṣọ tó máa ń gbé kọ́rùn títí tó fi máa ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ bó bá ń lọ sọ́jà.

Ìwé náà ń rìn láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì. Kó tó padà dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti ya, epo á ti kán sí i.

Nígbà tí a jáde ilé ẹ̀kọ́, mo lọ kàwé sí i, wọ́n sì gbé mi lọ sìnlú ní òkè Ọya. Owó kò tó fún òun láti tẹ̀ síwájú. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ pátákó kíkùn. Lẹ́yìn èyí, ó fẹ́ obìnrin kan ní Elégbèka, ní ìhà Ọ̀sẹ́, ó sì kó lọ síbẹ̀. Ó ń dá oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ó sì ń kun pátákó fún ẹni tó bá pè é. Àwa méjèèjì mú akọni wa dání lọ, kò sì sí ẹni tó bi ẹnìkejì léèrè.

Tèmi, sáà sáà ni mò ń ṣe é, mo ń ṣe fọ́tòkópì rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyá rẹ̀ wà láàyè, ó ń bá a wí pé kò pọn omi. Kì í lu ẹnikẹ́ni. Ẹrù ló ń gbé. Ti ọ̀rẹ́ mi, orí fóònù ló ń gbé e sí, ojú ìwé kan lọ́sẹ̀ kan. Tirẹ̀ ti dàgbà, ó ti ní irùngbọ̀n, èjìká rẹ̀ òsì ti bàjẹ́ nítorí ẹrù tó ti gbé láyé rẹ̀. Àgbẹ̀ ni. Ó ń bá àwọn tó ń dáná sun abà olóko jà, wọ́n sì máa ń lù ú nígbà mìíràn. Aṣọ rẹ̀ ti ṣá. Ìyá rẹ̀ ti kú. Èdè ilé wa gan-an ló sì ń sọ, èdè tí a fi ń pe ìlú wa ní Ọ̀ghọ̀, tí kò jọ èyí tí mo fi ń kọ́ ọmọ níwèé.

Mo mọ̀ pé ó ń ṣe é. Mo máa ń wò ó, mo máa ń rí àṣìṣe níbẹ̀, n kì í sì í kọ ohunkóhun sí abẹ́ rẹ̀. Àfìgbà tí ọmọbìnrin kan dìde nínú kíláàsì mi, tó bi mí pé nínú Aláṣọ Pupa méjèèjì, èwo ni òótọ́? Mo sọ fún un pé tèmi ló kọ́kọ́ wà. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí fóònù ni òun fẹ́ràn jù nítorí pé ó máa ń rẹ akọni yẹn náà. Mo ní kó jókòó. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bó ṣe yẹ kó dun ẹni ọjọ́ orí mi lọ.

Ẹni tó so wá pọ̀ ni ìyá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìkàwé. Ìjọ Àgùdà ló ń lọ. Ó ti sọ pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ di ibi tí àwọn ọmọdé ti ń wá kàwé lọ́jọ́ Sátidé. Gbogbo wa ń pè é ní Màmá. Àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n tilẹ̀ ti lu ara wọn. Ó pe èmi àti ọ̀rẹ́ mi, ó ní kí a ṣe ìwé kan tí àwọn akọni méjèèjì yóò ti pàdé, òun yóò sì wá bí yóò ṣe di títẹ̀ kí sáà tuntun tó wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ mi dí. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ bí i. Ẹ jọ wò ó dàgbà."

Ọ̀rẹ́ mi gbà kíá. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, a rẹ́rìn-ín, a rántí tíṣà tó gba ìwé náà lọ́wọ́ wa tó sì lọ kà á tán kó tó fi pàṣán lù wá. Mo rò pé iṣẹ́ náà yóò yá.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́ báyìí, ọmọ mi ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀, aṣọ pupa bò ó lórí. Àgbà tirẹ̀ dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí bí ẹni tó ń wo ẹran tó fẹ́ rà. Inú bí mi. Mo tún un yà: àgbà ló tẹríba, ọmọ ló dúró. Ó dá a padà, ó ti mú àwọn méjèèjì dúró, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí tèmi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Mo ní tèmi ni ẹ̀gbọ́n nítorí òun ló kọ́kọ́ dáyé. Ó ní ẹni tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ohun tó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni, ọmọ tó kọ̀ tí kò dàgbà ni. Mo ní òun ti ba ohun tí a jọ dá jẹ́, pé akọni tó ń gbé ẹrù fún ènìyàn ló ti sọ di oníjà. Ó ní kí n wá gbé ní Elégbèka fún oṣù kan, kí n wá wò ó bóyá ẹrù gbígbé nìkan tó.

A tún gbé ti èdè dé. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn sọ Yorùbá tí ọmọ ibikíbi lè kà. Ó ní akọni tí a bí sí Ọ̀ghọ̀ kò lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Mo bi í pé báwo ni yóò ṣe kọ ọ́ tí ọmọ yóò fi lè kà á. Ó ní bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wọn ni kí wọ́n kà á. Gbogbo èyí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já láàárín rẹ̀. Ohùn rẹ̀ á wọlé lẹ́ẹ̀kan, á lọ lẹ́ẹ̀kan, màá máa pariwo sínú fóònù tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́, ìyàwó mi á sì yọjú láti wo ẹni tí mò ń bá jà.

Èyí tó burú jù lọ ni ti ìyá. Mo sọ fún un pé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ mi ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ìyá gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ó ní kò sí ìyá kankan nínú ìwé yìí. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ìyá tòun ti kú. Mo ní tèmi kò kú ní tiẹ̀, ayé tèmi yàtọ̀ sí tìẹ, kí ló kàn ọ́ nínú rẹ̀? Ó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi gbé ìpè mi, Màmá sì ń pè mí láràárọ̀ pé ibo la bá a dé.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Elégbèka láti lọ bá a nílé. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ jọ sẹ́nu. Ọkọ̀ kò gbéra àfìgbà tó kún. Àwọn ṣọ́jà dá wa dúró lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, wọ́n ní kí a sọ̀ kalẹ̀, kí a fẹsẹ̀ rìn kọjá. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ó ti lọ sóko.

Ìyàwó rẹ̀ kí mi káàbọ̀, ó fún mi lómi, ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Kò ní í pẹ́." Ó pẹ́. Mo jókòó síbẹ̀ láti nǹkan bí aago mẹ́wàá títí tí oòrùn fi yí kọjá orí ilé. Ó sun àgbàdo fún mi, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo dìde, mo wọ yàrá tí ọkọ rẹ̀ ti ń kun pátákó. Òórùn ọ̀dà àti kẹrosíìnì gba ibẹ̀ kan. Pátákó aṣerunlóge kan wà níbẹ̀ tí kò tíì gbẹ. Ó ta okùn láti ògiri kan dé èkejì, ó sì fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ há àwọn ojú ìwé rẹ̀ kọ́ sórí rẹ̀. Mò ń wò wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń wá àṣìṣe, nígbà tí mo tajú kán rí iṣẹ́ ọwọ́ ara mi nílẹ̀.

Àwọn ìwé mi ni. Gbogbo fọ́tòkópì tí mo ti ń ṣe láti sáà dé sáà ló wà nínú páálí kan lábẹ́ tábìlì, ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde. Mo pe ìyàwó rẹ̀, mo bi í pé ta ló kó wọn wá. Ó ní àwọn ọmọ ìbátan ọkọ òun tó ń kàwé ní Emùré-Ilé ló máa ń kó wọn wá fún un, àti pé bí ọ̀kan bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kì í jẹ́ kí ilé ó gbádùn. Mo kó wọn jáde. Mo rí i pé àwọn ojú ìwé kan kò sí nínú wọn. Inú ọ̀rá funfun kan lọ́tọ̀ ni wọ́n wà, ó ká a mọ́ra dáadáa. Àwọn ojú ìwé tí ìyá ti yọjú ni.

Ó yẹ kó ti yé mi nígbà yẹn. Bóyá ó tilẹ̀ yé mi, tí n kò fẹ́ kó yé mi.

Ó dé pẹ̀lú bàtà oko lẹ́sẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó kí mi, ó bi mí léèrè àwọn ará ilé. Lẹ́yìn èyí, mo bẹ̀rẹ̀ gbogbo ohun tí mo ti tò jọ: pé ó ń fi àkókò ènìyàn ṣòfò, pé Màmá ń retí wa, pé mi ò mọ ohun tó ń bẹ nínú ìyá tí a fi ọwọ́ yà tí yóò fi di wàhálà. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ń fi igi ha ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà rẹ̀.

"Ìyá ta lò ń yà?" ló bi mí.

Mo ní ìyá Aláṣọ Pupa ni.

"Tíṣà, ìyá ta ni?"

Mo wo ọ̀rá funfun náà.

"Èjí yẹn, gèlè yẹn, téèpù ọrùn yẹn. O ti ń yà á láti ọjọ́ yìí wá. O ń mú un pariwo, o ń mú un dín ọ̀jọ̀jọ̀. O kò bi mí rí. Nígbà tó sì kú, o kò wá kí mi."

Òótọ́ ló sọ. Òkè Ọya ni mo wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ìsìnkú Mùsùlùmí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ìròyìn tó dé etí mi, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti sin ín. Mo fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí mo wálé fún Kérésìmesì, mo pinnu pé màá lọ kí i lọ́jọ́ kejì. Mo ní lọ́jọ́ kẹta. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ọjà kọjá kí n má bàa gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọdún gorí ọdún, ojú tì mí, ìtìjú náà sì di ohun tí n kò rò mọ́. Ṣùgbọ́n mo ń yà á. Mi ò parọ́, ọwọ́ mi ló kàn mọ̀ ọ́n yà. Bí mo bá fẹ́ ya ìyá, òun ló ń jáde.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Mo ní bó bá fẹ́, màá dáwọ́ dúró, màá ya obìnrin mìíràn. Ìbínú tó fò sókè lójú rẹ̀ ya mí lẹ́nu.

"Bí o bá dáwọ́ dúró," ló wí, "ibo ni n ó ti máa rí i?"

Ibẹ̀ ni mi ò ti mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́. Kò fẹ́ kí n yà á, kò sì fẹ́ kí n má yà á. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí, òun kò sọ pé ó bọ́gbọ́n mu. A jókòó síbẹ̀, inú ń bí àwa méjèèjì, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó yẹ ká bínú sí. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá. A jẹun. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo dá a lábàá pé kí àgbà tẹ̀lé ọmọ dé ilé, kó rí ìyá tí kò rí mọ́ ní ayé tirẹ̀, kó jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó bi mí pé, ta ni yóò yà á? Mo ní òun. Ó ní èmi. A kò rí i yanjú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọkọ̀, ó dédé sọ pé kí a fi ti ìkíni sílẹ̀. Kí àwọn méjèèjì pàdé lójú ọ̀nà, kí wọ́n dúró, kí wọ́n máa wo ara wọn. Kí ìyá pe "ọmọ mi" láti inú ilé, kí àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo dúró lójú títì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jà lórí ohun tí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ yá lẹ́yìn èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà kò tán. Mo ń ya ọmọ, ó ń ya àgbà. Mo gbà pé kí àgbà àti ìyá sọ èdè ilé wa, kí ọmọ máa sọ tilé ìwé. Mo fi àmì ìrora kún èjìká àgbà tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì dá a padà fún mi pé ibẹ̀ kọ́ ló ń dùn ún. Ojú ìwé tó kẹ́yìn, níbi tí àgbà ti gbójú sókè wo ìyá rẹ̀, òun ló gbà pé òun yóò yà á. Nígbà tó dé ọwọ́ mi, àpótí yẹn ṣófo. Ó fi rúlà fa ìlà rẹ̀ dáadáa, ó fi yíǹkì tọ̀ ọ́, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo pè é títí, kò wọlé. Ní ọjọ́ kejì ni èsì dé: "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀." Mo kọ́kọ́ pòṣé. Lẹ́yìn tí mo wò ó fún ìgbà díẹ̀, mo rí i pé òun ló tọ́. Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí etí ìwé pé a dìídì fi ibí yìí sílẹ̀ ni, mo sì kó gbogbo rẹ̀ fún Màmá.

Ní ọ̀sẹ̀ tí sáà máa wọlé, Màmá ní kí n wá, ìwé ti dé. Páálí mẹ́ta wà ní pálọ̀ rẹ̀. Mo ṣí ọ̀kan. Atẹ̀wé ti tún gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe. Kò sí èdè ilé wa kankan níbẹ̀ mọ́, ìyá àti àgbà ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́. Ìyẹn nìkan ì bá sàn. Mo ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn. Nínú àpótí yẹn gan-an, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: "Ìbéèrè lórí ìtàn yìí. Ta ni akọni inú ìtàn? Ẹ̀kọ́ wo lo rí kọ́?"

Mo jókòó sórí páálí. Màmá bi mí bóyá ó rẹ̀ mí ni. Mo ní, "Màmá, a dìídì fi ibẹ̀ sílẹ̀ ni." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní òun rò pé a gbàgbé ni, nígbà tí atẹ̀wé sì bi òun, òun ní kó fi ohun tó wúlò fún àwọn ọmọ síbẹ̀. Mo rán an létí ohun tí mo kọ sí etí ìwé. Ó ní òun rò pé atẹ̀wé ni mo kọ ọ́ sí, òun kò kà á, atẹ̀wé sì rò pé òun Màmá ni mo kọ ọ́ sí. N kò lè pariwo mọ́ ẹni tó tó bí mi. Ó rí ojú mi, kò sì tún awò náà wọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Mo rò ó pé kí n má sọ fún ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ó ti wà lójú ọ̀nà, ó ń bọ̀ wá wo ìwé. Ó dé, ó jókòó sí ìta ilé Màmá, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó pa ìwé náà dé, ó gbé e lé orí itan rẹ̀. Màmá jáde wá bẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe bẹ òun, pé ó ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi Màmá bóyá ó ní ìwé funfun àti gọ́ọ̀mù nílé.

Gbogbo ọjọ́ náà la fi ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi ń fi rúlà wọn ìwé funfun, mò ń gé e, Màmá ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àpótí náà. Ojú Màmá kò ríran dáadáa, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wọ́. Gọ́ọ̀mù tán, mo lọ ra òmíràn. Àwọn ojú ìwé kan rin, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn, a sì ya wọ́n níbi tí a ti ń fẹ́ ṣí wọn. Nígbà tó kan ìwé tó kẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi gbà á lọ́wọ́ Màmá, ó fi sí àpò rẹ̀ láìlẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Mi ò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Mo pín tèmi fún kíláàsì mi ní Emùré-Ilé ní ọjọ́ Ajé. Kí ó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìdajì wọn ti fi èékánná ṣí ìwé funfun náà láti wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n rí ìbéèrè, wọ́n sì fi pẹ́ńsù dáhùn, bí ọmọ ilé ìwé ṣe máa ń ṣe. Mo fẹ́ bá wọn wí, n kò mọ ohun tí mo máa sọ pé wọ́n ṣe.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi, mo ròyìn rẹ̀ fún un. Ó bi mí pé kí ni wọ́n kọ sí ìbéèrè kejì. Mo ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló kọ ọ́ pé ó yẹ kí ọmọ máa gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ó pòṣé. Ó bi mí nípa ọmọbìnrin tó ní èyí tó ń rẹ̀ ló dára jù. Mo ní ìyẹn kò kọ nǹkan kan, kò tilẹ̀ ṣí ìwé tirẹ̀. Ọmọ náà ní bí a bá lẹ nǹkan pa, ó ní ìdí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n bá òun kí i.

Màmá ti ń bèèrè ìwé kejì lọ́wọ́ wa. Ó búra pé òun kò ní í fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ lóko, ní àsìkò ìkórè. Mo fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì. Ó pè mí láàárọ̀ yìí kí n tó jáde nílé, ìjà yìí la ti ń bá bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì dé ibi iṣẹ́ pẹ́.